Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹ Ní Wíìlì Kejì fún Ọjọ́ Pápá? Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Gun Alùpùpù ní Èkó

Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa bá fẹ́ lọ sí ọjọ́ pápá, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n bá ti pápá ìje mọ́ àwọn ọkọ̀ yòókù, tí ẹni tó sanwó sì lè gun alùpùpù rẹ̀ tagbáratagbára láìsí ìdíje, kì í sábà jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló máa ń dá wa dúró, wíìlì ni. Ẹnì kan á ra ríìmù méjì ní Ládípọ̀, á fi táyà tuntun sí i, á gbé e dé pápá, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ (irin róbótó tó ń há wíìlì sáàárín) kò bá alùpùpù òun mu, tàbí pé kò sí díìsì (àwo irin tí bíréèkì ń fún mú) lára rẹ̀. Ẹlòmíràn á náwó rẹpẹtẹ lórí wíìlì kejì, ìyẹn àfikún wíìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn tí a lè fi pààrọ̀ èyí tó wà lára alùpùpù, nígbà tó jẹ́ pé táyà gidi méjì péré ni ìṣòro rẹ̀ ń bèèrè. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun rà á tàbí kí òun má rà á, àti fún ẹni tó ti pinnu láti rà á, kí ó lè rà á, kí ó sì dè é bó ṣe yẹ.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé ìtọ́jú alùpùpù yín. Kì í ṣe ìwé kékeré tó máa ń wà lábẹ́ ìjókòó ni mò ń wí, bí kò ṣe èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń lò, tí ìwọ̀n gbogbo bóòtù wà nínú rẹ̀.
- Irin tí a fi ń gbé ẹ̀yìn alùpùpù sókè, àti èyí tí a fi ń gbé iwájú.
- Sípánà tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń de nọ́ọ̀tì.
- Irin ìwọ̀n tó lè wọn nǹkan dé ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà.
- Géèjì táyà tó jẹ́ ti ara yín.
- Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan àti ọ̀dà funfun díẹ̀. Ẹ ó rí iṣẹ́ tí ìgbálẹ̀ ń ṣe níwájú.

Ipele 1: Ẹ pinnu bóyá ẹ nílò rẹ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bí ẹ ṣe máa dé pápá. Bí ẹ bá máa gun alùpùpù náà fúnra rẹ̀ láti Sùúrùlérè tàbí Lẹ́kí dé ibẹ̀, tí kò sí ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù tẹ̀ lé yín, wíìlì kejì kò ní iṣẹ́ kankan tó lè ṣe fún yín, nítorí kò sí bí ẹ ṣe máa gbé e. Lójú tèmi, ibí yìí ni ó yẹ kí èrò ìdajì àwọn tó ń wá wíìlì kejì ti parí. Wíìlì kejì jẹ́ ti ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, tàbí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gba ọkọ̀ kan fún ẹrù gbogbo wọn.

Ìbéèrè kejì ni irú táyà tí ẹ fẹ́ lò. Bí ó bá jẹ́ táyà eléré tí a lè lò lójú títì àti lórí pápá ni ẹ ń lò, táyà kan náà ni yóò gbé yín lọ tí yóò sì gbé yín bọ̀, ẹ kò sì nílò wíìlì míràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo táyà dídán tí kò ní ilà lójú, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Táyà bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí omi lè gbà jáde, nítorí náà adágún omi kékeré kan lójú ọ̀nà Ìkòròdú ti tó láti gbé yín ṣubú. Kì í sì í di ilẹ̀ mú dáadáa àfi tí ó bá ti gbóná. Aṣọ iná tí a fi ń wé e máa ń mú un gbóná tó nǹkan bí 80°C kí a tó gbé alùpùpù wọ pápá, aṣọ iná náà sì nílò jẹnẹrétọ̀. Ẹ ka iye wáàtì tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ fi ń tan fáànù nílé. Ẹni tí kò bá ní aṣọ iná àti jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé e, kí ó jìnnà sí táyà dídán. Alùpùpù rẹ̀ yóò yára jù pẹ̀lú táyà eléré tó ní ilà.

Ẹ̀kẹta ni òjò. Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, òjò Èkó kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó rọ̀. Kò sí ẹni tó lè yọ táyà kúrò lára ríìmù, kí ó sì fi táyà òjò sí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lábẹ́ kánópì, ṣùgbọ́n wíìlì odindi ṣeé pààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó lágbára jù lọ fún níní wíìlì kejì nìyẹn fún ẹni tó ń díje. Fún ẹni tó kàn ń gbádùn ara rẹ̀, jíjókòó sábẹ́ kánópì títí òjò yóò fi dá kò náni ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni iye ìgbà tí ẹ ń lọ. Bí ẹ bá ń lọ lóṣooṣù, ẹ ó máa tú táyà, ẹ ó sì máa dè é padà, títí etí táyà yóò fi ya tí ríìmù yóò sì hó. Wíìlì kejì yóò gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ san owó fọkanáísà, kí ẹ sì máa lọ. Ẹni tó bá sì ń wọ bàálù lọ sí Kyalami, nítòsí Johannesburg, láti lọ háyà alùpùpù níbẹ̀, kí ó má wulẹ̀ ka ìyókù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọ ìdáhùn yín sórí ìwé. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ tó máa gbé wíìlì náà, tí ẹ sì ń lo oríṣi táyà méjì tàbí tí ẹ ń lọ lemọ́lemọ́, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí ọkọ̀ kò bá sí, ẹ fi owó náà ra táyà.

Ipele 2: Ẹ mọ ohun tó bá alùpùpù yín mu

Ọ̀pọ̀ alùpùpù eléré ló ń lo táyà 120/70 ZR17 níwájú, lórí ríìmù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.50. Lẹ́yìn, àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ 600cc sábà máa ń lo 180/55 lórí ríìmù 5.50, nígbà tí àwọn 1000cc máa ń lo 190 tàbí 200 lórí 6.00. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára apá ríìmù, irú bíi 17M/C×MT5.50.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé orúkọ alùpùpù ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ọdún. Ẹ mú Yamaha R6 wò: ti 2016 àti ti 2017 ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n ní 2017 ni wọ́n yí fọ́ọ̀kì iwájú (ẹsẹ̀ méjì tó di wíìlì iwájú mú) padà, tí díìsì iwájú sì kúrò ní mílímítà 310, tó di 320. Bí ẹ bá gbé wíìlì ti èkíní lọ sára èkejì, ìjà ló máa dá sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó tà á. Ẹ fi irin ìwọ̀n wọn ìbú ọ̀pá tó gba àárín wíìlì yín kọjá, gígùn bọ́ọ̀ṣì ọ̀tún àti ti òsì, iye bóòtù tó di díìsì mú, àti bí bóòtù wọ̀nyẹn ṣe jìnnà síra wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí wà nínú fóònù yín pẹ̀lú fọ́tò kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má fi orí rántí ohunkóhun.

Ipele 3: Ẹ ra ríìmù tòkunbọ̀ láìrà wàhálà

Ládípọ̀ ní Muṣin ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ má lọ ní ìrọ̀lẹ́ tí a ti ń tan tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ọjà tí wọ́n bá pè ní Bẹ́ljíọ̀mù kọ́ ló dára bákan náà: òmíràn wá láti ara alùpùpù tí wọ́n tú torí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, òmíràn sì wá láti ara èyí tó forí sọ ògiri. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ni ẹ wá wò.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀dà. Ríìmù tó ti lo ọdún mẹ́wàá tí ó wá ń dán bí tuntun, wọ́n ti kùn ún ni, ó sì yẹ kí ẹ bèèrè ohun tí ọ̀dà náà bò. Ẹ fi èékánná rin gbogbo ètè ríìmù yí ká, nínú àti níta. Ibi tó bá ga ju ibòmíràn lọ, tàbí tó rí bí ẹni pé wọ́n fi òòlù tẹ́ ẹ padà, ibẹ̀ ló ti bá kòtò pàdé. Ẹ wo ìdí apá ríìmù, níbi tó ti so mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín wíìlì, bóyá ó ti là. Bí ẹ bá rí ojú ibi tí wẹ́dà ti jó, ẹ dá a padà sílẹ̀ láìdúnàádúrà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gun irú rẹ̀ lójú títì láìsí ewu, ṣùgbọ́n lórí pápá, bíréèkì líle máa ń dé bá ibi kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní gbogbo ìyípo.

Nísinsìnyí ni ìgbálẹ̀ wúlò. Ẹ ní kí wọ́n ki ọ̀pá bọ àárín bẹ́rìn, kí ẹnì kan di orí ọ̀pá méjèèjì mú ṣinṣin, tàbí kí wọ́n gbé e lé orí nǹkan méjì tí kò mì. Ẹ di ẹyọ ìgbálẹ̀ mú sórí nǹkan tí kò ní yẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ètè ríìmù, kí ẹ wá yí ríìmù díẹ̀díẹ̀. Bí àlàfo tó wà láàárín wọn bá ń fẹ̀ tó sì ń dín, ríìmù náà ti wọ́. Ẹ ṣe é láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tún ṣe é láti òkè. Ìwé ìtọ́jú ọ̀pọ̀ alùpùpù Honda fi mílímítà 2 ṣe òpin. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kò gbà tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìwé tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ọlọ́jà bá ní, "Ọ̀gá mi, ojúlówó ni, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má ra ríìmù mànísíọ̀mù tòkunbọ̀, bó ti wù kí ó fúyẹ́ tó. Mànísíọ̀mù máa ń jẹ tí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ṣí, kì í sì í fi gbogbo ìgbà hàn lójú kí ó tó fọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ìgbálẹ̀ kò rí ìyàtọ̀ tó ju òpin ìwé yín lọ, ètè ríìmù dọ́gba yí ká, kò sí ojú jíjó, ìwọ̀n rẹ̀ sì bá èyí tó wà nínú fóònù yín mu. Ọ̀kan tó bá kù nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ má sanwó.

Ipele 4: Ẹ sọ ríìmù di wíìlì

Ibi yìí ni owó ti ń yọ́ lọ láìròtẹ́lẹ̀, nítorí pé ríìmù nìkan kì í ṣe wíìlì.

Díìsì ni ẹ ó kọ́kọ́ rà. Wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n tó kéré jù lọ sára rẹ̀, lẹ́yìn MIN TH. Bí irin ìwọ̀n yín bá fi hàn pé ó ti dé ibẹ̀ tàbí pé ó ti kọjá rẹ̀, irin lásán ni. Ẹ gbìyànjú kí díìsì wíìlì kejì jẹ́ oríṣi kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, kí ó sì nípọn tó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọwọ́ bíréèkì yóò máa jìnnà sí yín tàbí kí ó máa súnmọ́ yín nígbàkúùgbà tí ẹ bá pààrọ̀ wíìlì. Páàdì bíréèkì náà máa ń mọ ojú díìsì tó ti ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi páàdì kan sọ́tọ̀ fún wíìlì kọ̀ọ̀kan, mo sì gbà pé owó tó yẹ kí a ná ni.

Fún wíìlì ẹ̀yìn, ẹ nílò họ́ọ̀bù tó gbé sípírọ́kẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń fà), rọ́bà tó wà nínú rẹ̀, àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, tí iye eyín àti nọ́ńbà ṣéènì rẹ̀ (520, 525 tàbí 530) bá ti ara alùpùpù yín mu. Bí eyín bá yàtọ̀, ẹ ó máa tún ṣéènì dẹ̀ tàbí kí ẹ fà á ní gbogbo ìgbà. Bí alùpùpù yín bá ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí wíìlì há nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì líle), ẹ rí i dájú pé òrùka eléyín tí ABS ń kà wà lára wíìlì kejì. Láìsí i, iná ABS yóò tàn, ABS kò sì ní ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni lára àwọn alùpùpù tuntun kan, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yọ̀ lè dúró pẹ̀lú rẹ̀.

Bẹ́rìn: ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ dára lójú. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyókù. Ẹ kàn ṣọ́ ayédèrú, kí ẹ sì ní kí mẹkáníìkì lu òrùka òde nìkan tó bá ń kì í bọ inú họ́ọ̀bù. Bí ó bá lu ti inú, ó ti bà á jẹ́ kí ẹ tó gùn ún.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ de wíìlì náà mọ́ alùpùpù nílé kí ẹ tó fi táyà sí i. Kí ó yí geere, kí díìsì wà láàárín kálípà (irin tó gbé páàdì bíréèkì), kí ṣéènì sì tọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Ipele 5: Táyà àti fọkanáísà

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà: 3223 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2023. Táyà pápá tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù máa ń le. Èyí tí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù dí ihò lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ojú títì.

Ọ̀pọ̀ fọkanáísà wa, táyà dánfó àti ti tírélà ni ọwọ́ wọn mọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ títì kan ní Yábàá, ọ̀gbẹ́ni kan ti gbé òòlù ńlá sókè láti fi já etí táyà kúrò lára ríìmù mi nígbà tí mo pariwo pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!" Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, báyìí náà la ṣe ń ṣe é." A fi pákó lé etí táyà, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, omi ọṣẹ sì ṣe ìyókù. Nítorí náà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: kò sí òòlù, kí ó wà lórí táyà àtijọ́ kí díìsì má kan ilẹ̀, kí a fi rọ́bà bo ètè ríìmù níbi tí irin ìtú táyà máa wọlé sí, kí ọṣẹ pọ̀. Fáàfù tuntun ni kí ó fi sí i. Kí ọfà tó wà lára táyà kọjú sí ibi tí wíìlì ń yí sí. Mo ti rí i tí wọ́n tú odindi iṣẹ́ palẹ̀ nítorí ọfà yìí nìkan.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gbé e sórí ọ̀pá kí wọ́n fi òjé mú ìwúwo rẹ̀ dọ́gba. Wíìlì tí kò dọ́gba lè má hàn nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó. Lórí pápá, yóò máa gbọn ọwọ́ yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà jìnnà sí ètè ríìmù bákan náà yí ká, lápá méjèèjì. Ẹ fi omi ọṣẹ sí ẹnu fáàfù àti etí táyà. Bí kò bá hó, kò jò. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ lálẹ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀.

Ipele 6: Dídè é mọ́ alùpùpù

Ẹ gbé alùpùpù sókè lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Níwájú, ẹ tú kálípà kí ẹ sì fi okùn so ó kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó rọ̀ sórí rọ́bà ọ́ìlì bíréèkì. Ẹ yọ ọ̀pá àárín, ẹ pààrọ̀ wíìlì, ẹ rí i pé bọ́ọ̀ṣì ọ̀tún kò lọ sí òsì, kí ẹ nu ọ̀pá náà kí ẹ sì fi gíríìsì díẹ̀ pa á. Agbára tí ẹ máa fi de nọ́ọ̀tì wà nínú ìwé yín ní Nm, ó sì yàtọ̀ láti alùpùpù kan sí èkejì. Ẹ má bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Kí ẹ tó de àwọn bóòtù kékeré tó há ọ̀pá mọ́ fọ́ọ̀kì, ẹ de kálípà padà sáyè rẹ̀, ẹ gbé alùpùpù sílẹ̀, ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ tẹ fọ́ọ̀kì lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè jókòó dáadáa.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ìwé yìí nìyí: kí ẹ tó tẹ fọ́ọ̀kì yẹn, kí alùpùpù sì tó gbéra pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kan, ẹ fún ọwọ́ bíréèkì títí yóò fi le, kí ẹ sì tẹ ti ẹ̀yìn náà. Nígbà tí ẹ pààrọ̀ wíìlì, páàdì ti sún kúrò lára díìsì. Ẹni tó bá gbàgbé, ìgbà tó bá dé kọ́nà àkọ́kọ́ ni yóò rántí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Wíìlì méjèèjì yí láìdún. Ọwọ́ bíréèkì le. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìlà náà bá já sí méjì lẹ́yìn ìyípo díẹ̀, nọ́ọ̀tì ti ń tú.

Ipele 7: Afẹ́fẹ́ táyà lọ́jọ́ náà

Ohun tí ẹ ń lò lójú títì, bíi 36 psi níwájú àti 42 psi lẹ́yìn, ti pọ̀ jù fún pápá, nítorí pé táyà yóò gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò sì gbèrú sí i. Iye tí ilé iṣẹ́ táyà kọ fún pápá ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì mọ̀ bóyá ti táyà tútù ni wọ́n kọ tàbí ti èyí tó gbóná. Ẹ wọ̀n ọ́n lábẹ́ ìbòòji: bí oòrùn Èkó bá pa táyà apá kan láti àárọ̀, géèjì yóò parọ́ fún yín. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n kí ó tó tutù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Iye tí ẹ rí nígbà tó gbóná bá ti ilé iṣẹ́ mu. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tú díẹ̀ jáde. Kí ẹ sì rántí fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó gba ojú títì lọ sílé.

Ipele 8: Ìtọ́jú

Ẹ gbé wíìlì sórí táyà rẹ̀ tàbí kí ẹ so ó kọ́, ẹ má fi díìsì rẹ̀ lélẹ̀. Kí ó jìnnà sí oòrùn, sí ooru àti epo jẹnẹrétọ̀, àti sí ibikíbi tí mọ́tò iná ti ń ṣiṣẹ́, torí pé òsóònù tó ń jáde níbẹ̀ máa ń jẹ rọ́bà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìkòyí, Fíkítóríà tàbí Lẹ́kí, atẹ́gùn òkun máa ń jẹ alumíníọ̀mù níbi tí ọ̀dà bá ti hó. Ẹ fọ wíìlì, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó, kì í ṣe ọ̀rá tó máa há omi mọ́ inú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí ẹ tó tún dè é fún ọjọ́ pápá mìíràn, ẹ fi ìka yí òrùka inú bẹ́rìn. Bí ó bá ń dún gìrìgìrì tàbí tó ń mú lójú kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé wíìlì náà sínú ọkọ̀.